Láti Festac dé Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá pẹ̀lú Ẹsẹ̀ tí Ó Kọ Bàtà

Ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, a máa ń jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti Jerúsálẹ́mù dé, a máa ń fi oyè kún orúkọ rẹ̀. Èmi náà ti lọ, mo sì ti bọ̀. Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá ni mo lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín dá ṣáṣá lè kúrò ní Festac lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí ẹ dé Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá, kí ẹ sì padà wálé kí ìrẹsì ọ̀sán tó jinná. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni èmi lò. Mo rí ilẹ̀ àjòjì, mo jẹ oúnjẹ wọn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àlejò. Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará àdúgbò wa bó ṣe rí gan-an, nítorí èyí tí ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu àwọn tí kò kúrò nílé ló ti wá.

Kí n tó kúrò nílé

Dókítà Kúnlé ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì lè jẹ́rìí pé ọmọ náà mọ ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára nígbà náà, kò sì tíì dára títí di òní. Ó fún mi ní oògùn tuntun kan, ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́.

Kí oṣù kan tó pé, ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárọ̀, wọn a ṣe bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, kókósẹ̀ mi ti wọlé lọ bí ìgbín. Bàtà aláwọ dúdú olókùn tí mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbà mí mọ́.

Èmi kì í lo nǹkan láìka ìwé rẹ̀. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí oògùn náà, wọ́n ká a bí ìgbà tí wọ́n ká aṣọ tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wọ awò, mo kà á tán, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sídìí ibi tí wọ́n ti sọ pé oògùn náà lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Nítorí náà, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: mo mọ̀. Mo ká ìwé náà padà, mo fi í sáàárín ìwé orin mi, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún dókítà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dáhùn, ní gbólóhùn kíkún. N kò sọ fún Dókítà Kúnlé nítorí pé n kò fẹ́ kí ọmọ tí mo kọ́ ní àròpọ̀ rí mi láìwọ bàtà.

Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, àgbàlagbà kò lè fi ẹsẹ̀ pamọ́ pẹ́. Àwọn tó ń bọwọ́ kíra wọn, ojú ni wọ́n ń wò. Ọmọ tiwa tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé, ẹsẹ̀ ẹni ló kọ́kọ́ ń rí láàárọ̀. Sámúẹ́lì, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó dàgbà sí àdúgbò wa, wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àyà kan ilẹ̀. Kò sì dìde mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Dádì." Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi. "Dádì, kí lẹ tẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni mo tẹ̀, Sámúẹ́lì. Dìde."

"Rárá o, sà. Èyí kì í ṣe ojú lásán."

"Kì í ṣe ojú rárá. Ẹsẹ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ mi wálẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò kún. Ìyàwó mi jáde láti kíṣìnì, àwọn méjèèjì wá ń wo ihò náà bí ẹni ń wo kànga tó gbẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni Sámúẹ́lì pariwo.

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fi í sínú.

Nígbà tí a dé ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, wọ́n ti dájọ́. Díákónì Akínlàbí, olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, dìde, ó sì fi ohùn ẹni tó ń ka lẹ́tà ìgbéga kéde pé ẹnìkan ti da nǹkan sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní kí n kúrò lórí ilẹ̀ náà títí yóò fi tutù.

Ẹ̀rù ba ìyàwó mi títí a fi délé. Lórí àga ni rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyàwó mi yìí ló sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ títí tó fi kú. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Ṣọlá, mi ò lè wo ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ Fẹlísíà àbúrò yín ní Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá."

Òótọ́ wà nínú ìwé orin mi. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Láràárọ̀ ni ìyàwó mi máa ń gbé oògùn yẹn fún mi pẹ̀lú ife omi, á sì dúró tì mí títí n ó fi la ẹnu kó rí i pé mo ti gbé e mì. Ní Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá, ta ni yóò dúró tì mí?

Mo tẹ orí ba. Mo ní, "Ìfẹ́ Olúwa ni kó ṣẹ."

Bí mo ṣe gba físà nìyẹn.

Apple Junction

Ibi tí mo kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ni Apple Junction, nítorí pé n kò lè dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi láìwọ nǹkan sẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàtẹ bàtà sórí tapólì níbẹ̀. Ìlà Oòrùn làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Amúwo ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ tèmi lọ.

"Dádì, ẹ jókòó jàre. Nọ́ńbà mélòó lẹ̀ ń wọ̀?"

"Méjìlélógójì."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ojú mi. Ó tún wo ẹsẹ̀ mi. "Dádì, ẹ má bínú o. Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

Ó mú mẹ́rìnlélógójì wá, kò wọlé. Ó mú mẹ́rìndínláàádọ́ta wá, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló wọlé, ìyókù dúró síta. Ó pe ẹni tó ń ta bẹ́líìtì nítòsí. Ẹni yẹn pe ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

"Jàkùtẹ̀ ni."

"Jàkùtẹ̀ kọ́. Jàkùtẹ̀ kì í mú ẹsẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹran ni bàbá yìí ń jẹ jù."

"Ẹran wo? Tíṣà ni wọ́n. Ẹ ò rí táì ọrùn wọn?"

Ìwà àkọ́kọ́ tí mo kíyèsí nílẹ̀ àjòjì nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti wú, kò sẹ́ni tó tún ń wo ojú rẹ. Mo kí wọn, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n dá lóhùn. Níkẹyìn, sílípáàsì rọ́bà ni wọ́n bá mi rí, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwẹ̀. Mo fi táì sọ́rùn, mo fi sílípáàsì sẹ́sẹ̀, mo sì jáde ní Apple Junction bí ẹni tí iná lé kúrò ní ọ́fíìsì.

Àgbójú

N kò pẹ́ ní Àgbójú. Mo yà sí ilé oògùn kan láti sinmi lórí bẹ́ǹṣì wọn, ni obìnrin tó wọ aṣọ funfun níbẹ̀ bá ti ń bu oògùn sínú ọ̀rá fún mi láìbi mí léèrè ọ̀rọ̀. Aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, funfun.

"Àárọ̀ méjì méjì, alẹ́ méjì méjì."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Bàbá, orúkọ wo? Ti ẹsẹ̀ ni."

"Ìwé inú páálí wọn ńkọ́?"

Ó fọwọ́ lérán. "Ṣé ẹ fẹ́ kà á ni, àbí ẹ fẹ́ mu ún?"

"Mo fẹ́ kà á kí n tó mu ún."

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi pòṣé. Mo rọra ṣàlàyé fún obìnrin náà pé kò yẹ kí ènìyàn gbé ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mì, mo dúpẹ́, mo sì jáde. Inú mi dùn sí ara mi gidigidi. Mo ti rìn jìnnà kí n tó rántí pé ìwé oògùn tí dókítà fún mi wà nínú ìwé orin lábẹ́ abíyá mi, àti pé oògùn tí mo ka ìwé rẹ̀ tán yìí gan-an ni mo ń sá fún.

Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá

Àbúrò mi ni Fẹlísíà. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀," ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì ló kọ́kọ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìwà àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n yá mọ́ni púpọ̀. Wọ́n gbé àga fún mi sábẹ́ ìbòòji iwájú ilé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé àpótí, wọ́n sì sọ mí ní Bàbá Festac. Wọ́n gbà pé ní Festac, omi ń jáde lára ògiri fúnra rẹ̀ àti pé a kì í bá aládùúgbò wa jà. N kò já wọn ní irọ́, ó kàn wù mí kí àwọn ará òpópónà wa gbọ́ ni.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi, kì í lọ láìfi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ka níbi ìdìbò. Onílé tó wà lódìkejì, arúgbó kan tó fẹ́ràn àlàyé, a tẹ̀ ẹ́, a wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ihò náà yóò fi kún, a sì kéde èsì rẹ̀ fún àwọn tó jókòó. Mo wí fún un ní pẹ̀lẹ́ pé aago rẹ̀ ti kú. Ó ní ìyẹn kò dí òun lọ́wọ́.

Oúnjẹ wọn dára, iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀. Mo bẹ Fẹlísíà pé kó dín in kù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí ibi ráyè."

"Fẹlísíà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà jẹun."

N kò gbé oògùn kankan mì láti ọjọ́ tí mo dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kókósẹ̀ mi yọjú. Mo rí i láàárọ̀, mo sì kí i bí ọ̀rẹ́ tó ti òkè òkun dé. Fẹlísíà kọrin, arúgbó onílé tẹ̀ ẹ́, ihò kò dá sí i mọ́, ó sì ṣe bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sámúẹ́lì pè mí lórí fóònù.

"Dádì! Ilẹ̀ ti tutù! Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí ní Sọ́ńdè tẹ́ ẹ bá dé o!"

Mo kàn ní kó kí ilé.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé láti ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀yìn orí mi ti ń lù kìkìkì láàárọ̀. Tí mo bá dìde, ilẹ̀ a yí díẹ̀ kó tó dúró. Fẹlísíà bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń di orí mú. Mo ní àkùkọ wọn ló ń pariwo jù.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìyàwó mi pè.

"Bàbá Ṣọlá, Màmá Ẹ̀bùn ní kí n kí yín o."

Ilé kẹta sí tiwa ni Màmá Ẹ̀bùn ń gbé. Ó ti fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní ilé iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé inú ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Dókítà Kúnlé lòun náà ń lọ, oògùn kan náà la sì jọ ń lò.

"Ara rẹ̀ le bí?"

"Ara ẹ̀ le. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ń wú? Ó fi pamọ́ fún gbogbo wa. Fẹlísíà ló sọ fún Sámúẹ́lì pé ẹ ò fẹnu kan oògùn níbẹ̀, pé ọwọ́ Olúwa lásán ni. Sámúẹ́lì sọ fún Màmá Ẹ̀bùn. Òun náà ti kó tiẹ̀ dànù láti ọjọ́ Ajé. Ó ní tí Tíṣà bá lè fi í sílẹ̀, ta lòun?"

Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí àpótí.

Ìyàwó mi ṣì wà lórí fóònù. "Bàbá Ṣọlá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò lò ó?"

"Sọ fún Màmá Ẹ̀bùn kó jókòó sílé, kó má ṣiṣẹ́ kankan," mo ní. "Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Àbọ̀

Mo mú Màmá Ẹ̀bùn tààrà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Kúnlé, ìyàwó mi tẹ̀lé wa. Inú Màmá Ẹ̀bùn ń dùn. Ó ń gbé ìró rẹ̀ sókè fún mi.

"Tíṣà, ẹ wò ó, ó ti ń rọlẹ̀! Èmi ò tiẹ̀ tíì kúrò ní Festac."

"Ṣé orí kò fọ́ yín, mà?"

"Ó ń fọ́ díẹ̀. Oòrùn ni."

Dókítà ní ká jọ jókòó. Ó fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní apá ọ̀tún, ó wò ó. Ó wọn apá òsì. Ó fa ìwé sọ́dọ̀, ó sì mú bírò.

"Tíṣà, ó ga gan-an. Oògùn yìí ò kápá ẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àbí ṣé ẹ ń lò ó déédéé?"

Màmá Ẹ̀bùn yíjú sí mi, ó ń wo ẹnu mi. Mo mọ ìwò yẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi rí i: ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ń dúró de ohun tí ẹni iwájú máa kọ kó lè dà á kọ. Tí mo bá ní mò ń lò ó, òun náà yóò ní òun ń lò ó. Dókítà yóò sì kọ oògùn tó le ju èyí lọ fún àwa méjèèjì.

"Rárá," mo ní. "Mo ti dá oògùn náà dúró fún ọjọ́ méjìdínlógún, nítorí pé ó ń wú mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé oògùn ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bírò dúró lọ́wọ́ Kúnlé.

"Èmi náà, dókítà," ni Màmá Ẹ̀bùn wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ọjọ́ kẹfà rèé."

Nígbà tí wọ́n wọn tirẹ̀, ó burú ju tèmi lọ. Wọn kò jẹ́ kó padà sílé lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi sì jókòó tì í níbẹ̀ títí wọ́n fi lé mi.

"Tíṣà," Kúnlé ní, "oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ sí ẹyọ kan. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀. Kí ló dé, sà?"

"Ojú ń tì mí."

Ó lóṣòó síwájú mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi kan lé orúnkún rẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò tẹ̀ ẹ́. "Ẹsẹ̀ ni, sà. Mo ń rí i lójoojúmọ́."

Ìyàwó mi kò bá mi wí níbẹ̀. Ó dúró títí a fi jáde.

"Gbogbo àárọ̀ tí mo ń gbé omi dúró tì yín yẹn, inú yín ò dùn sí i?"

"Inú mi kò dùn sí i."

"Ẹ ò bá sọ." Lẹ́yìn náà ló tó sunkún.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n pè mí jáde láti jẹ́rìí. Sámúẹ́lì ló gbé màkírófóònù fún mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Oògùn tí mò ń lò ló wú mi lẹ́sẹ̀," ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Àmín!" ni ẹnìkan ké lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín sí ìyẹn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní kò sẹ́ni tó da nǹkan sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní mo fi irọ́ rin ìrìn-àjò, irọ́ náà sì ti gbé arábìnrin wa dé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tí oògùn bá ń ṣe ní ohunkóhun má fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó lọ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún un. Olùdarí ìsìn gba màkírófóònù lọ́wọ́ mi kíákíá, ó sì pe orin.

Lẹ́yìn ìsìn, Sámúẹ́lì wá bẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo ti ń lọ sẹ́nu géètì nígbà tí ẹnìkan fà mí láṣọ lẹ́yìn òpó. Díákónì Akínlàbí ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì.

"Ó ti tó ọdún méjì," ó ní, ohùn tó fi ń kéde kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ọjọ́ tó bá wù mí ni mò ń lo oògùn ọ̀hún."

"Ta lẹ ti sọ fún, sà?"

"Ẹ̀yin rèé."

Ìyàwó rẹ̀ dúró nídìí ọkọ̀ wọn, ó ń fi ọwọ́ pè é pé kó máa bọ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, a sì jọ rọra rìn lọ bá a.